HENRY CARR, ỌMỌ OPÓ TÍ Ẹ̀KỌ́ KÒ SÚ

 

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí a mú wá lónìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, bí a bá ti gbọ́ pé alábẹ̀wò ilé-ìwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìnsípẹ́kítọ̀, ń bọ̀, ara kì í rọ̀ wá. A ó gbálẹ̀, a ó kun ògiri lẹ́fun, a ó ní kí àwọn ọmọ fọ aṣọ wọn kí wọ́n sì gé èékánná wọn. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n a tún máa ń kọ́ wọn ní ọgbọ́n kan tí kò dára. Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn, kí ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó na ọwọ́ òsì. Bí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ti béèrè ìbéèrè, gbogbo ọwọ́ á lọ sókè bí igbó, àwa á sì pe ẹni tí ó na ọ̀tún. Inú ìnsípẹ́kítọ̀ á dùn, inú ọ̀gá wa á dùn, a ó sì bá ara wa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá lọ tán.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n na ọwọ́ òsì ńkọ́? Wọn kò mọ ohun tí wọ́n wá kọ́, àwa tí ó yẹ kí a kọ́ wọn sì ni a kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi àìmọ̀ wọn pamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ tí a ti fẹ̀yìntì. Òun ni ó mú wa rántí ọkùnrin kan, ọmọ ìlú Èkó, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lọ láti ilé-ìwé kan dé èkejì gẹ́gẹ́ bí ìnsípẹ́kítọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Henry Rawlinson Carr.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1863 ni a bí i ní Èkó. Nígbà náà, ọdún méjì péré ni ìlú náà tíì lò lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọdún 1861 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Àwọn òbí rẹ̀, Amuwo àti Rebecca Carr, wà lára àwọn tí a ń pè ní Sàró. Ẹ ó rántí ìtàn wọn: àwọn ènìyàn wa tí ogun kó lẹ́rú, tí a tà sínú ọkọ̀ òkun, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ wá sílé, àwọn kan sí Abẹ́òkúta, àwọn kan sí Èkó. Ní Èkó, Olówógbowó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí, ní ìkángun Màrínà níbi tí a ń pè ní Apọ́ngbọ́n lónìí. Nígbà náà, omi ọ̀sà ṣì ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màrínà.

Baba Henry kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹrù ilé bọ́ sí orí ìyá rẹ̀. Bí Rebecca bá fẹ́, ó lè ní kí ọmọ náà wá máa ràn án lọ́wọ́ kí wọ́n lè tètè rí oúnjẹ jẹ, kò sì sí ẹni tí ì bá bá a wí. Ọmọdékùnrin tí ó mọ ìwé díẹ̀ lè rí iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Màrínà nígbà náà. Ṣùgbọ́n opó náà jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa ka ìwé lọ. Bí a bá ń pe Henry Carr ní ọ̀mọ̀wé, kí a má gbàgbé ẹni tí ó jẹ́ kí ó rí àyè mọ̀wé.

Ilé-ìwé ìjọ wa, ìyẹn ilé-ìwé Wesleyan ní Olówógbowó, wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ mọ ìwé kà. Àwa Mẹ́tọ́díìsì lè fi èyí yangàn díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ré kọjá òkun lọ sí Freetown, ní ilé-ìwé gíga ti Wesleyan, lẹ́yìn náà ni ó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1827, ti darapọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1876, tí ó fi jẹ́ pé oyè Durham ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà. Ní 1882 Henry Carr gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì gbà á pẹ̀lú ọlá. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún sí mọ́kàndínlógún ni nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá jókòó sórí èyí kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ nípa òfin ní Lincoln's Inn, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St Mark's College ní Chelsea, ó sì tún kọ́ sáyẹ́ǹsì ní South Kensington. Ní 1885 ó padà sí Èkó. Ẹ wò ó, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní irú ìmọ̀ yìí, kí ni ó fi ṣe? Ó di tíṣà. CMS Grammar School ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ilé-ìwé gíga àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, èyí tí Alùfáà Thomas Babington Macaulay dá sílẹ̀ ní 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré.

Ní 1889 ni ó wọ iṣẹ́ ìjọba, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà àti igbákejì ìnsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé. Kí a tó lè mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa àkókò náà. Àwọn ìjọ ni wọ́n ń dá ilé-ìwé sílẹ̀. Nígbà tí a ya Èkó kúrò lára Gold Coast ní 1886, ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún Èkó nìkan ní 1887, ó sì ń fún àwọn ilé-ìwé ìjọ ní owó ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ ni yóò wá dán àwọn ọmọ wò ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Bí wọ́n bá ti ṣe dáadáa tó ni owó ilé-ìwé wọn yóò ti pọ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí, ẹ ti mọ ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń bí. Nígbà tí owó bá rọ̀ mọ́ ìdáhùn ọmọ, ìdáhùn ni a ó máa wá, a kò ní í wá òye. A ó ní kí ọmọ há ìwé sórí bí ẹyẹ odídẹrẹ́. Níbẹ̀ ni irú ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ti ń wá.

Henry Carr kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó dà bí èyí. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ fún àwọn ará ìlú àti nínú ìwé tí ó ń kọ sí ìjọba, ohun kan náà ni ó ń tẹnu mọ́: pé kì í ṣe kí ọmọ lè di akọ̀wé nìkan ni a fi ń rán an lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ tí kò bá tún ìwà ọmọ ṣe, tí kò bá kọ́ ọ láti máa ronú fún ara rẹ̀, ìlàjì ni lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ilé-ìwé kò lè dára ju àwọn olùkọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà ó ń bẹ ìjọba àti àwọn ìjọ pé kí wọ́n mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Ohun kan wà tí ó ṣe tí ó yẹ kí àwa Kristẹni fi kọ́gbọ́n. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí Èkó kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìmọ̀. Ilé-ìwé ìjọ nìkan ni ó wà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ọmọ wọn yóò wọ inú rẹ̀ ní Mùsùlùmí, yóò sì jáde ní Kristẹni. Henry Carr, ọmọ ìjọ pọ́ńbélé, wà lára àwọn tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí tí ìjọba fi dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún wọn, tí àwọn ọmọ wọn sì lè kọ́ ìwé láìfi ẹ̀sìn baba wọn sílẹ̀. Lójú rẹ̀, ọmọ tí ó wà nínú òkùnkùn àìmọ̀ ni ọmọ tí a gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́, ilé tí ó wù kí ó ti jáde wá.

Ètò tirẹ̀ náà ni ìjọba tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n dá King's College sílẹ̀ ní Èkó. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1909 ni ilé-ìwé náà ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítòsí pápá eré ẹṣin tí a wá ń pè ní Tafawa Balewa Square lẹ́yìn òmìnira. Ohun tí Carr fẹ́ ni kí ọmọ Èkó lè kàwé nílé títí yóò fi yege ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì, láì jẹ́ pé ó di dandan kí òbí rẹ̀ rán an kọjá òkun bí ìyá tirẹ̀ ti ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn yìí fún. Ìjọ wa ti dá Methodist Girls' High School sílẹ̀ láti 1879, ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ilé-ìwé gíga kankan fún àwọn ọmọbìnrin. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n tún fi dúró. Àwọn obìnrin Èkó ni wọ́n dìde, tí wọ́n ń rọ ìjọba, tí wọ́n sì ń dá owó jọ. Oyinkan Ajasa, tí a wá mọ̀ sí Lady Abayomi, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Ní 1927 ni Queen's College tó ṣí. Bí àwọn obìnrin wọ̀nyí bá dákẹ́, ta ni ó mọ iye ọdún tí ì bá tún kọjá?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ Henry Carr. Ó ń gòkè nínú iṣẹ́ ìjọba títí ó fi di, ní 1918, Rẹ́sídẹ́ǹtì ìlú Èkó àti agbègbè rẹ̀. Ipò ńlá ni èyí jẹ́. Òyìnbó ni a máa ń fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó sì tún jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó di Ṣáńsẹ́lọ̀ fún ìjọ Áńgílíkà ẹkùn Èkó, ìyẹn agbaninímọ̀ràn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n àárín ọdún wọ̀nyí ni ìjì jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1920 ìjọba bínú sí Ẹlẹ́kò, Ọba Èṣùgbàyí, nítorí ọ̀rọ̀ Herbert Macaulay tí ó mú ọ̀pá àṣẹ ọba lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹjọ́ ilẹ̀ Olóyè Olúwa. Wọ́n ní kí Ọba kọ Macaulay sílẹ̀ ní gbangba. Ọba kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, ìjọba sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́. Gbogbo Ìgá Ìdúngànrán gbóná.

Ìhà ìjọba ni Henry Carr wà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà, wà lẹ́yìn Ọba àti Macaulay. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí, ọmọ Sàró ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, baba Macaulay ni ó sì dá ilé-ìwé tí Carr ti ṣe tíṣà sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 1924, Macaulay tẹ ìwé kan jáde, tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè pé kí Carr kúrò lórí ipò. Ọdún náà gan-an ni Carr fẹ̀yìntì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba lé Ọba Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó. Ó di 1931 kí ó tó padà.

A kò kọ èyí láti dá ẹjọ́ ẹni tí ó ti sùn. Àwọn tí wọ́n bọlá fún Henry Carr gbà pé olóòótọ́ ni, pé kì í gba rìbá, pé ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n a gbà pé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá kàwé. Ìmọ̀ lè gbé ènìyàn ga débi tí kò fi ní í gbọ́ ohun tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń sọ mọ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà Ìsàlẹ̀ Èkó kò ka ìwé òfin, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ọba jẹ́ fún ìlú wọn. Ìmọ̀ ni èyí náà jẹ́, a kò sì rí i kọ́ ní South Kensington. Ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé lè na ọwọ́ òsì níwájú àwọn tí kò mọ̀wé, kí ó sọ pé òun kò mọ̀, kí wọ́n kọ́ òun.

Níwájú ìwé ńkọ́? Níbẹ̀, Henry Carr na ọwọ́ òsì rẹ̀ títí ó fi kú. Èyí ni ó jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nígbà tí ó ti di ọkùnrin ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó tún gba oyè M.A. àti oyè òfin ní Durham, bí ẹni pé ọmọdé ni. Ó sì ń ra ìwé. Ẹlòmíràn tí ó wà ní ipò rẹ̀, ilẹ̀ àti ilé ni ó ń rà. Òun, ìwé ni. Nígbà tí ó fi máa kú ní 1945, lẹ́ni tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún, ìwé tí ó wà nínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Nígbà yẹn, kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nílé ẹnì kan.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba rà wọ́n. Nígbà tí a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, àwọn ìwé Henry Carr wà lára ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé-ìkàwé rẹ̀. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ìyá wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ yunifásítì àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, tí wọ́n wá di dókítà, olùkọ́, òǹkọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba, bá ìwé ọmọ opó Olówógbowó nílẹ̀. Yunifásítì Èkó náà sọ ọ̀kan nínú ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí wí fún wa lónìí? Ilé-ìwé ti pọ̀ ju ti ayé Henry Carr lọ. Ìmọ̀ wà nínú fóònù tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ń gbé káàkiri. Síbẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì kò tíì tán, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ibi ìdánwò wà tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn fún ọmọ. Òbí wà tí ó ń san owó rẹ̀, tí ó sì tún ń lọ sí ilé Ọlọ́run lọ dúpẹ́ nígbà tí èsì bá jáde. Ẹ má bínú sí wa, àwa tí a ti ṣe irú rẹ̀ nínú kíláàsì ni a ń sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí kò sí ìmọ̀ nídìí rẹ̀ dà bí ilé tí a kun lẹ́fun níta tí ikán ti jẹ tán nínú. Ẹni tí ó bá fi èrú di nọ́ọ̀sì, ọmọ wa ni yóò gún lábẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá fi èrú di tíṣà, ọmọ-ọmọ wa ni yóò kọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín. Èkíní, bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, kí a má bi í léèrè ipò tí ó mú nìkan. Kí a bi í pé kí ni kò yé e lónìí, kí a má sì nà án nítorí ìdáhùn rẹ̀. Èkejì, kí ọmọ rí wa tí a ń kàwé. Ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kò ní í gbà pé ìwé dára. Ẹni tí kò mọ ìwé kà nínú wa, kí ó má tijú. Kí ó na ọwọ́ òsì ní Ẹgbẹ́, a ó jókòó tì í títí yóò fi lè ka Bíbélì àti ìwé Orin fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, opó wà láàárín wa tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí a wá a rí kí ọmọ náà tó kúrò ní ilé-ìwé. A kò mọ èyí tí yóò di Henry Carr nínú wọn.

Bí ẹ bá kọjá ní Olówógbowó tàbí tí ẹ ń lọ ní Màrínà, ẹ rántí ọmọdékùnrin náà àti ìyá rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kò tijú láti kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ìyá tí ń tọ́mọ. Àmín.